Ọmọ Ajá Tí Ń Gé Ènìyàn Jẹ: Ìdàgbà Ni Tàbí Àìsàn?

Ọ̀pọ̀ ilé ní ìgboro ni ó ń sin ajá nítorí olè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí dé etí mi: ó ti fa bàtà bàbá ya, ó gé ọmọ lọ́wọ́ jẹ, kò gbọ́ ìpè mọ́. Àwọn kan á so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn mìíràn á tà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú ìwà wọ̀nyí ní àkókò tirẹ̀, a sì máa kọjá lọ.

Àkókò kìíní ni láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14. Ìgbà yìí ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Bí ó bá gé ọmọ ìyá rẹ̀ jẹ jù, ìyẹn á ké, eré á sì parí. Báyìí ni ó ṣe ń kọ́ láti dẹ eyín rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó mọ ọmọdé, àlejò àti ariwo ọkọ̀.

Àkókò kejì ni ti eyín. Eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ ní. Láti nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ni wọn yóò máa yọ, tí 42 yóò fi rọ́pò wọn kí ó tó pé nǹkan bí oṣù 7. Èrìgì rẹ̀ a máa yún un, ohunkóhun tí ó bá rí ni yóò sì máa rún. Ẹ fún un ní aṣọ tí ó ki, tí ẹ rẹ sínú omi tútù. Bí ó bá deyín mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dá eré dúró, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Àkókò kẹta, tí í bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 6, ni ti ìbàlágà. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ajá olóṣù 8 a máa kọ etí dídi sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa gbọ́ ti àlejò. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀, yóò tún gbọ́. Ẹ má ṣe lù ú. Ìbẹ̀rù ni ẹgba ń kọ́ ajá, ajá tí ẹ̀rù ń bà ni ó sì ń buni jẹ. Kí gbogbo ilé máa lo ọ̀rọ̀ kan náà fún un, kí ẹ sì fún un ní ẹran díẹ̀ ní kété tí ó bá ti gbọ́.

Wàyí o, èwo ni àìsàn? Bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ohùn gbígbó rẹ̀ yí padà, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ, ẹ sá fún un, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ tí awọ ara sì bó, ì báà jẹ́ eré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe fi epo tàbí ata sí i. Kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, nítorí bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá yín bí ó bá pé oṣù 3, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ti là á sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀, bí ó ti wù kí ajá náà níwà tó.