Kọ́kọ́rọ́ Í-meèlì Yín, Ọwọ́ Ta Ló Wà?

 

Ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe ti bí a ṣe ń pe ènìyàn, torí pé ẹ mọ ìyẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ í-meèlì tó wà nínú fóònù ìgbàlódé ni. Ohun tó mú wa gbé e jáde ni pé nígbàkígbà tí a bá ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ àdírẹ́sì í-meèlì wọn sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ mi," tàbí "Ọmọ tó ta fóònù fún mi ló mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kọ wá lóminú. Ohun tí a pè ní tiwa, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn nìkan ló mọ bí a ṣe ń ṣí i, ṣé tiwa náà ni?

KÍ NI Í-MEÈLÌ GAN-AN?

Àwọn àgbà inú wa rántí àpótí lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò máa ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, èyí tí à ń kọ "P. O. Box" síwájú nọ́ńbà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó san owó rẹ̀. Í-meèlì kò yàtọ̀ sí i. Àdírẹ́sì ni nọ́ńbà àpótí. Ọ̀rọ̀-aṣínà, tí wọ́n ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé fóònù kọ́ ni àpótí náà o. Ilẹ̀kùn lásán ni fóònù. Inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ tó ni í-meèlì ni lẹ́tà wà. Bí fóònù bá bọ́ sómi, lẹ́tà kò bá a rì, bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣáà wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ í-meèlì kì í ṣe tàná. Ọ̀gbẹ́ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lọ́dún 1971. Òun náà ló mú àmì @ tí ó wà láàárín orúkọ ènìyàn àti orúkọ ilé tí àpótí rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ Google gbé Gmail jáde. Google yìí kan náà ló ni Android tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí à ń rà lọ́jà wa, ìdí nìyẹn tí a ó fi dúró lórí Gmail.

ÀǸFÀÀNÍ ÀTI EWU RẸ̀ FÚN ỌLỌ́JÀ

Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí ènìyàn bá gbàgbé ọ̀rọ̀-aṣínà Facebook tàbí ti áàpù mìíràn, inú í-meèlì ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà àtiṣí i padà ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá lè ṣí í-meèlì yín lè gba ibẹ̀ wọ àwọn yàrá yòókù. Ibẹ̀ náà ni báńkì ń fi àlẹ́ẹ̀tì àti àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta aṣọ ra fóònù tuntun. Ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù bá a ṣe í-meèlì sínú rẹ̀ kíákíá, ìyá wa dúpẹ́, ó ń lọ ilé. Nígbà tó yá, ó gbàgbé àmì tó fi ń ṣí fóònù, ó sì gbé e fún atúnfóònùṣe. Ìyẹn nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Bí wọ́n ti tan fóònù náà padà, ohun tó béèrè ni í-meèlì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà ti kúrò níbẹ̀. Bí fóònù ṣe di ohun tí a gbé sórí tábìlì lásán nìyẹn. Owó fóònù kọ́ ló dùn ún jù, bí kò ṣe nọ́ńbà àwọn oníbàárà, pàápàá àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ.

Ìdènà tó pàdé yẹn, Google ló fi í sínú Android láti ọdún 2015, kí olè tó bá jí fóònù má baà rí i lò. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé kò bá mọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ajá tó yẹ kó lé olè, onílé ni yóò lé.

BÍ Ẹ Ó ṢE ṢE TIYÍN

Ẹ fi dátà sórí fóònù, ẹ wá ibi tí ariwo kò sí, ẹ sì rí i pé láìnì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tiyín, tí ẹ forúkọ ara yín gbà.

Èkíní: Ẹ ṣí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Accounts sí. Lórí fóònù mìíràn, ẹ ó rí Passwords & accounts tàbí Accounts and backup. Ẹ tẹ Add account, ẹ mú Google, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Create account.

Èkejì: Ẹ kọ orúkọ yín bó ti wà nínú ìwé báńkì. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí yín gan-an. Ẹni tó bá fi eré kọ ọdún tó sọ ọ́ di ọmọdé, Google lè ti í-meèlì náà mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀kẹta: Ẹ mú àdírẹ́sì. Kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 6, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré, ọ̀kan náà ni. Ẹ mú èyí tí ẹ lè pè fún oníbàárà láàárín ariwo ọjà tí yóò sì yé e. Orúkọ yín tàbí orúkọ ọjà yín ló dára jù. Ẹ yé fi orúkọ ìnagijẹ tí ẹ ó máa tijú rẹ̀ níwájú báńkì.

Ẹ̀kẹrin: Ọ̀rọ̀-aṣínà. Ó kéré tán, kó tó lẹ́tà 8. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í ṣe orúkọ àkọ́bí yín, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ tí kò jọ ara wọn, ẹ fi nọ́ńbà kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà nílé. Ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, kí wọ́n lè fi ibẹ̀ dá yín mọ̀ bí ẹ bá gbàgbé. Bí wọ́n bá fi kóòdù ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ gbà pẹ̀lú àdéhùn wọn, ó parí. Ẹ wá kọ lẹ́tà kan sí ara yín láti dán an wò.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹ padà sí Settings, ẹ tẹ Google, kí ẹ wọ ibi tí ẹ ti lè bójú tó àkáǹtì yín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Security sí. Níbẹ̀, ẹ fi í-meèlì ọmọ yín kan tàbí ti ọkọ tàbí ìyàwó yín ṣe ìkejì tí wọn yóò fi ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tan 2-Step Verification. Bí ẹnikẹ́ni bá jí ọ̀rọ̀-aṣínà yín, ó ṣì tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí kejì hàn kó tó wọlé. Wọ́n á tún fún yín ní kóòdù 10 tí ẹ lè kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù.

BÍ ẸLÒMÍRÀN BÁ TI ṢE É FÚN YÍN

Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ yí ọ̀rọ̀-aṣínà padà lónìí, ẹ yọ nọ́ńbà ẹlòmíràn kúrò, ẹ fi tiyín sí i. Ní Security kan náà, ẹ wo Your devices. Fóònù tí ẹ kò mọ̀ tó bá wà níbẹ̀, ẹ lé e jáde.

Bí orúkọ ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ni, ẹ má kàn yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín, ẹ kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà sínú rẹ̀, kí ẹ tó yọ tirẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ń tọ́jú nọ́ńbà tuntun, ẹ rí i pé inú í-meèlì yín ló ń lọ, kì í ṣe sórí síìmù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra fóònù mìíràn, ẹ ó kàn wọlé sínú í-meèlì, gbogbo oníbàárà á sì padà dé.

Ẹni tó bá ń ra fóònù tòkunbọ̀, kó tó sanwó, kó wo Accounts bóyá í-meèlì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò. Ẹni tó bá ń ta tirẹ̀ náà, kó yọ í-meèlì rẹ̀ kó tó nu inú fóònù.

Í-MEÈLÌ MÉJÌ LÓRÍ FÓÒNÙ KAN

Ó ṣe é ṣe. Ẹ lè ní ti ọjà, kí ẹ ní ti ilé. Ọ̀nà Add account kan náà ni. Kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ wo àmì róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún, kó máà jẹ́ pé lẹ́tà ìdílé ni ẹ ó fi àdírẹ́sì ọjà kọ.

Bí í-meèlì ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ibòmíràn, fóònù lè béèrè bóyá IMAP tàbí POP. Ẹ mú IMAP. IMAP máa ń fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú àpótí, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà jọ máa rí i. POP sábà máa ń kó o lọ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ náà bá sọnù, ó lè di àwátì.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Òfin NCC gba ilé-iṣẹ́ láyè láti pa láìnì tí ẹnikẹ́ni kò ná owó lórí rẹ̀ fún oṣù 6. Bó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi láìnì kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ńbà inú í-meèlì yín padà. Google náà lè pa í-meèlì tí ẹni tó ni ín kò ṣí fún ọdún 2. Àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ni jẹ́ 15 GB, àwòrán tí ẹ bá kó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn sì wà lára rẹ̀. Bó bá kún, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́. Ẹ máa palẹ̀ mọ́.

Ní ti àwọn gbájúẹ̀, ohun méjì péré ni kí ẹ há sórí. Kóòdù tó bá wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí lẹ́tà bá sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún yín pé, "A ti yí nọ́ńbà àkáǹtì wa padà," ẹ má sanwó o. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́tà lè jọ ti ẹni bí ẹni pé òun ló kọ ọ́.

Bí fóònù bá sọnù, ẹ má jókòó sunkún. Ẹ yá fóònù ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ lọ sí android.com/find, ẹ ti fóònù náà pa láti ibẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀-aṣínà padà, ẹ sì pe báńkì àti ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì yín.

Ẹ gbé fóònù yín dání wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, pẹ̀lú dátà. Ẹ má sọ pé ẹ ti dàgbà jù. Ẹni tó lè ka owó ọjà láìṣìnà lè ṣe èyí. A ó fi ọ̀nà hàn yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni yóò tẹ̀ ẹ́. Tó bá sì kan ọ̀rọ̀-aṣínà, àwa yóò kọjú sí ògiri.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́