Kọ, kọ́, kọ̀: iṣẹ́ tí dò-re-mí ń ṣe lẹ́nu wa

Bí tíṣà bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀yẹ́, orin ló sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀: dò, re, mí. Kọ̀ jẹ́ dò, kọ jẹ́ re, kọ́ jẹ́ mí. Ilẹ̀ Ítálì ni orúkọ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Guido ará Arezzo, mọ́ńkì kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ló yọ wọ́n láti inú orin ìsìn kan. “Ut” ló pe àkọ́kọ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di “do”.

Síbẹ̀, àwọn ará Ítálì kì í fi dò-re-mí ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Sílébù kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ ju ìyókù lọ. Ẹ wo capitano, sílébù mẹ́rin: ca-pi-ta-no. Tí wọ́n bá tẹ ca, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, “wọ́n ń ṣẹlẹ̀”. Tí wọ́n bá tẹ ta, ó di ọ̀gá ọmọ ogun. Tí wọ́n bá tẹ no, “ó ṣe olórí wọn” ni, ó sì ti kọjá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni wọ́n ń fi àmì sí, capitanò. Etí òǹkàwé ló ń ya méjì yòókù.

Tiwa jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́: lẹ́tà ni. Ó kọ̀ ọ́: kò gbà á. Ó kọ́ ọ: ó fi ẹ̀kọ́ hàn án. Sílébù mẹ́ta ni ìkọ̀ọ̀kan, kò sì sí lẹ́tà kan tó yàtọ̀. Ẹ tún fetí sí ìparí: lẹ́yìn kọ́ tó jẹ́ mí, ọ́ fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ di re. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì tẹ̀lé kọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè di re. Nítorí náà, “ó kọ ìwé náà” lè jẹ́ pé òun ló kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wá fi “o ko o” lásán ránṣẹ́ lórí fóònù ti di ẹrù ru ẹni tó máa kà á.

Ní Èkìtì, fáwẹ̀lì ló yàtọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ ulé ni ilé lẹ́nu wa, usu ni iṣu, Ùsì tó wà nítòsí Ìdó sì gbé u náà sórí orúkọ rẹ̀. Sílébù méjì ni ilé, méjì ni ulé. Re-mí làwọn méjèèjì. Ọmọ Ùsì tó bá kọ ulé sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, tó fi àmì òkè sí é, ti gbọ́ ohùn náà dáadáa. U yẹn nìkan ni tíṣà á bá a sọ.