Ìlà Àkọ́kọ́ Ìpínrọ̀ Nínú Ìwé Tí A Tẹ̀ Sórí Kọ̀ǹpútà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ, ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kì í bá àwọn ìlà yòókù dọ́gba ní apá òsì. Ó máa ń wọlé díẹ̀, kí ojú òǹkàwé lè tètè rí i pé ọ̀rọ̀ kan ti parí, òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ìtàn ìwé sábà máa ń ṣe ni pé láyé ìwé àfọwọ́kọ ní ilẹ̀ Yúróòpù, akọ̀wé a máa fi àyè sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè fi tàdáwà pupa ya àmì ¶ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ìwé sì pọ̀ kọjá ohun tí ọwọ́ àwọn ayàmì lè ká, ọ̀pọ̀ àyè náà ṣófo títí dé ọwọ́ òǹkàwé, àyè òfìfo yẹn fúnra rẹ̀ sì di àmì.

Láti ọ̀dọ̀ táípúráítà ni àṣà títẹ àlàfo lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ ti wá, àṣà tí ó bójú mu lórí ẹ̀rọ tí gbogbo lẹ́tà ti ń gba àyè kan náà. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi tẹ ìwé, bá yí padà, bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì tẹ àlàfo mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, ìwé yóò rí ségesège. Èyí tí ó burú jù ni pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ojú íntánẹ́ẹ̀tì, àlàfo márààrún sábà máa ń pòórá.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a pàṣẹ fún ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú Microsoft Word, òǹkọ̀wé yóò ṣí àpótí tí wọ́n pè ní Paragraph, yóò mú First line lábẹ́ Special, yóò sì kọ ìwọ̀n tí ó fẹ́; 0.5 ínṣì, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 1.27, ni ó wọ́pọ̀ nínú ìwé tí ń lọ sọ́dọ̀ olóòtú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí a ti tẹ̀ jáde kì í sábà wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e yóò gba àṣẹ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún tẹ ohunkóhun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé àtijọ́ kan lè tẹ bọ́tìnì tí a ya ¶ sí lára, àlàfo kọ̀ọ̀kan yóò sì hàn bí ẹ̀kán kékeré, bọ́tìnì Tab tí a tẹ̀ yóò sì hàn bí ọfà.

Àṣà àwọn òǹtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìpínrọ̀ tí ó tẹ̀ lé àkọlé kì í wọlé, nítorí kò sí ìpínrọ̀ mìíràn lókè rẹ̀ tí ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ sí. Àwọn Faransé ní tiwọn a máa ti gbogbo rẹ̀ wọlé. Kí ìlà wọlé, kí a tún fi ìlà òfìfo sáàárín ìpínrọ̀, àṣejù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan òǹkọ̀wé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ewì. Ìlà ẹsẹ Ifá tàbí ìjálá kì í gùn bákan náà. Bí ìlà kan bá gùn ju ojú ìwé lọ, ìyókù rẹ̀ yóò bọ́ sísàlẹ̀, òǹkàwé yóò sì kà á sí ìlà mìíràn, èyí tí ó lè da ìlù ewì náà rú. Hanging, tí òun náà wà lábẹ́ Special nínú àpótí Paragraph, ni ó ń yanjú rẹ̀, nítorí pé ó máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sílẹ̀ ní etí òsì, tí yóò sì ti ìyókù wọlé. Ṣùgbọ́n Enter ni ó gbọ́dọ̀ parí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ Shift pẹ̀lú Enter ni òǹkọ̀wé fi ń já ìlà, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni Word yóò ka gbogbo ewì sí, gbogbo ìlà tí ó tẹ̀ lé èkíní yóò sì wọlé pọ̀.