Ẹ̀mí Gígùn Nìkan Kọ́: Ìgbé Ayé Ẹni Tí Àárẹ̀ Ọkàn Ń Bá Jà

Bí àwọn àgbà bá ń ṣàdúrà fún ni, wọn kì í tọrọ ẹ̀mí gígùn nìkan. Wọn a ní, "Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á sì le." Apá kejì àdúrà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn títí àárẹ̀ ọkàn yóò fi wọ ilé ẹni.

Àárẹ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Kò sì túmọ̀ sí pé ọkàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn ni kò lágbára tó mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ti yẹ. Omi a wá máa gbárajọ sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró; ẹsẹ̀ a wú, mímí a dogun. Ẹlòmíràn kò lè sùn àfi bí ó bá to ìrọ̀rí mẹ́ta léra.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fà á. Nínú ìwádìí kan lórí aláìsàn 452 ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ba ọkàn wọn jẹ́. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 57. Ẹni tó wà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ṣì ń ná ọjà, ó ṣì ń sanwó iléèwé ọmọ.

Nítorí náà, iye ọdún tí aláìsàn lò láyé nìkan kò tó láti fi díwọ̀n ìtọ́jú. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ṣe ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìbéèrè 21 ló wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ó nira láti gun àtẹ̀gùn? Ǹjẹ́ o ń rí oorun sùn lóru? Ǹjẹ́ owó ìtọ́jú ń ni ọ́ lára? Ǹjẹ́ ó ń ṣe ọ́ bíi pé o ti di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn?

Ọ̀pọ̀ òbí kò ní fẹnu ara wọn dáhùn èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ọmọ ni yóò fi ẹ̀sọ̀ wádìí rẹ̀. Bí ìyá bá ń sá fún òde ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ pé oògùn tó ń mú wọn tọ̀ léraléra ló ń kó ìtìjú bá wọn. Dókítà lè bá wọn yí àkókò tí wọ́n ń lò ó padà. Bí bàbá bá dákẹ́ jù, ìsoríkọ́ lè ti wọ̀ ọ́, ìyẹn náà sì ní ìtọ́jú.

Iṣẹ́ tún wà fún ará ilé. Kí aláìsàn máa gun òṣùwọ̀n ní àràárọ̀ kó tó jẹun. Bí ó bá fi ju kílò 2 lọ wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, kí ó má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù nínú ìkòkò gbogbo ilé, kí ó má baà di ẹni tó ń dá ọbẹ̀ tirẹ̀ jẹ. Ẹ má ra oògùn ara ríro bíi ibuprofen fún un láìbi dókítà. Bí ara bá sì yá, kí ó má torí ìyẹn pa oògùn rẹ̀ tì.

Ẹ má sì gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lè jókòó já ẹ̀fọ́, tó lè lo wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá tún sin òbí yín lọ rí dókítà, ẹ má bèèrè èsì àyẹ̀wò nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó wù wọ́n láti ṣe, tí ara kò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Dókítà nílò láti gbọ́ ìyẹn náà.