"Tí" Kan fún Ohun Gbogbo: Yíyan Who, Which, That àti Whose

Wúnrẹ̀n kan ṣoṣo, tí, ni Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe. Ọkùnrin tí ó dé, àpò tí ó ya, èbúté tí a kọ́: ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe nǹkan, tí náà ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, who ni fún ènìyàn, which fún nǹkan, that fún méjèèjì. Èyí kò ṣòro. Nípa whom, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹnu ti ń pa á tì, ìwé ni ó ṣì ń lò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí kọ́mà, àmì ìdánudúró díẹ̀, ti ń yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àpápá ní ọdún 1975. Ìjọba àpapọ̀ ti ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ. Nǹkan bí 400 ọkọ̀ ló tò sí ojú òkun. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó kó sìmẹ́ńtì. Owó ìdádúró sì ń gorí owó. Ká ní akọ̀wé kan nígbà náà kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn méjì yìí:

We shall pay for the ships which carried cement.

We shall pay for the ships, which carried cement.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọlọ́kọ̀ sìmẹ́ńtì nìkan ni yóò gba owó. Nínú ti èkejì, gbogbo ọlọ́kọ̀ ni, akọ̀wé náà sì ti purọ́ pé gbogbo wọn ló kó sìmẹ́ńtì. Kọ́mà kan ni ó fa gbogbo èyí.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. "A ó san owó lórí àwọn ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì": ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni etí Yorùbá gbọ́. Bí a bá fẹ́ ìkejì, a ó là á sí méjì: "A ó san owó lórí àwọn ọkọ̀ náà, sìmẹ́ńtì ni gbogbo wọ́n kó." Nítorí náà, bí tí bá lè dúró, má fi kọ́mà sí i, which tàbí that ni. Bí ó bá di dandan láti la gbólóhùn, fi kọ́mà sí i, which nìkan ni kí o lò. (Ní 1926 ni Fowler dá a lábàá pé kí that máa jẹ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbà á ju àwọn ará ilé rẹ̀ lọ.) Orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú máa ń da ìlànà yìí rú: a lè sọ pé "Àpápá tí ó ní èbúté", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yóò béèrè kọ́mà, nítorí Àpápá kan náà ni gbogbo wa mọ̀.

Ó ku whose. "Ọlọ́kọ̀ tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́" ni ó ń mú wa kọ the owner that his cargo spoiled. Tí àti rẹ̀ papọ̀ ni whose: the owner whose cargo spoiled. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní kì í ṣiṣẹ́ fún nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́: the ship whose cargo spoiled kò ní àbùkù kankan.