Irin Tó Wà Lókè Orí Ìjọ

Kò sí ará Ojú Ẹlẹ́gbà tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún pé ẹrù tó wà lókè lè já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ́ńténà ré bọ́ láti orí afárá wa, ènìyàn 3 sì kú nínú ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn tún já lu bọ́ọ̀sì èrò níbẹ̀, ẹ̀mí 9 ló bá a lọ. Àwa kan náà tí a ń gbójú sókè kí a tó gba abẹ́ afárá kọjá ni a máa ń jókòó fún wákàtí mẹ́ta ní abẹ́ irin tí a fi iná àti sípíkà kọ́ níbi ìsọjí, tí a kì í sì í béèrè ẹni tó so ó.

Irin yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tírọ́ọ̀sì. Àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọ̀pá gígùn, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, tí àwọn ọ̀pá kéékèèké dábùú àárín wọn ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn onígun mẹ́ta yìí ni agbára rẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀pá ti pàdé bí oríkèé ni ó yẹ kí a so ẹrù kọ́. Bí a bá so ẹrù wúwo mọ́ àárín oríkèé méjì, ọ̀pá gígùn lè tẹ̀. Píìnì ni a fi ń so abala kan mọ́ èkejì, ìdè kékeré kan ni kì í jẹ́ kí píìnì náà yọ́. Ìdè tí kò ju ìka lọ yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń gbàgbé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Bí àlàfo tó wà láàárín òpó méjì bá ti ń gùn sí i ni agbára tírọ́ọ̀sì ń dínkù, kò sì dínkù bí ọ̀pọ̀ ti rò. Bí a bá sọ àlàfo mítà 6 di 12, ohun tí mítà kọ̀ọ̀kan lè gbé kò ní jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń tẹ ìwé tó sọ ìwọ̀n tí irú kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ẹni tó bá ń yá ìjọ ní tírọ́ọ̀sì tí kò lè mú ìwé náà jáde, àfojúdá ni ó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ní ìta gbangba, atẹ́gùn ni ọ̀tá tó burú jù. Aṣọ ìkéde tí a ta sí ẹ̀yìn pèpéle, bí ó bá gùn ní mítà 6 tí ó sì ga ní mítà 4, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, yóò ti aṣọ náà pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo nǹkan bí 150 kìlógíráàmù. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, tó jẹ́ 72, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin: 600 kìlógíráàmù. Ẹ wá wo dírọ́ọ̀mù omi 200 lítà méjì tí a fi ń di ẹsẹ̀ òpó mú. Àpapọ̀ ìwúwo wọn kò ju 400 lọ, ilẹ̀ dídán sì lè jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kí atẹ́gùn tó fà wọ́n tó bẹ́ẹ̀. A ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa: òpó tó dúró lórí ègé búlọ́ọ̀kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà nìyí, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Àwọn ènìyàn ń retí ẹgbẹ́ olórin Sugarland nígbà tí atẹ́gùn tó ṣáájú ìjì wó irin tó gbé òrùlé àti iná pèpéle lulẹ̀. Ènìyàn 7 kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Àwọn olùwádìí rí i pé kọ́ńkéré tí a kàn gbé lé ilẹ̀ ni wọ́n so àwọn wáyà ìdè mọ́, kò sì lágbára tó láti dí irin náà mú. Wọ́n tún rí i pé kò hàn gbangba ẹni tó ní àṣẹ láti dá ètò náà dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ṣì ń kéde fún àwọn èrò pé ètò yóò tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí dùn wá ju ti wáyà lọ, nítorí a mọ bí ó ti ṣòro tó nínú ìjọ wa láti sọ fún àgbà kan pé kó kúrò lórí pèpéle.

Nílé níbí, a kò gbàgbé Uyo, níbi tí òrùlé onírin ilé ìjọsìn tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ti wó lu àwọn olùjọ́sìn ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2016, níbi ayẹyẹ ìfijoyè bíṣọ́ọ̀bù. Òrùlé ilé nìyẹn, kì í ṣe tírọ́ọ̀sì àyálò, ṣùgbọ́n ìjọ tó jókòó lábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ̀yin àlùfáà, Òfin Mósè, ní Deuteronomi orí 22, ka ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ré bọ́ láti orí òrùlé tí kò ní ìgbátí sí ọrùn onílé. Òrùlé ìsọjí lọ́dọ̀ wa, ìjọ tó pè é ni onílé.

Ẹ má ṣe gbà kí a gbé tírọ́ọ̀sì tó fọ́ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà. Iná ìjórin máa ń rọ àlùmíníọ́mù tí a ti fi ooru mú le, ojú rẹ̀ yóò dán, agbára rẹ̀ yóò sì ti dínkù púpọ̀ níbi tí iná ti kàn án. Èyí tó bá ti tẹ̀ tàbí tó sán, kí a yà á sọ́tọ̀. Gbogbo iná tí a bá gbé kọ́ gbọ́dọ̀ ní wáyà irin kejì tó lè gbà á mú bí ìdè àkọ́kọ́ bá já. Bí a bá fi aṣọ sọ́ọ̀rán-án gbé irin náà, kí wáyà irin tún dì í mú, nítorí ooru iná pèpéle lè yọ́ sọ́ọ̀rán-án. Tírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná so ó mọ́ ilẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́.

Ìjì tó máa ń jà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀ ló le jù ní Èkó, èkíní sún mọ́ Àjíǹde, èkejì sún mọ́ ìkórè. Kí ìgbìmọ̀ tó bá ń gbèrò ìsọjí ní pápá kọ́kọ́ lọ bá àjọ Lagos State Safety Commission, kí wọ́n sì gba ẹ́ńjínníà tí yóò fọwọ́ sí ìṣirò. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sínú ìwé ìpàdé, ẹni tí yóò máa fi ẹ̀rọ wọn eré atẹ́gùn, tí yóò ní àṣẹ láti sọ aṣọ ìkéde kalẹ̀ àti láti kó ìjọ kúrò lábẹ́ irin, bí ìwàásù tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Kí wọ́n fi orúkọ náà han oníwàásù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kó sì gbà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé bí ẹni náà bá na ọwọ́ sókè, òun yóò dákẹ́.