Ibi Tí Agbára Yín Dé Lónìí: Òótọ́ àti Irọ́ nípa Ìdánwò Ara

Ikorodu Road tí àwa ará àdúgbò Mende ń gbà jáde ni marathon Ìlú Èkó gbà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá a lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016. Kìlómítà 42 lé mítà 195 ni eré náà. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ gbára dì fún un, tó kàn ń lé ẹni tó yára jù ú lọ kiri láàárọ̀, tí kò mọ ibi tí agbára tirẹ̀ dé.

Irọ́: Eléré ìdárayá tó ń gbowó nìkan ló ń dán ara wò, ilé àyẹ̀wò ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Òótọ́: Ọdún 1968 ni Kenneth Cooper, dókítà àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò oníṣẹ́jú 12 jáde. Ilẹ̀ tó tẹ́jú àti aago ló ń fẹ́. Ẹ sáré tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú 12, kí ẹ wọn ibi tí ẹ dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 1,800, tiyín nìyẹn. Ẹ má fi wé ti aládùúgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún un sá.

Irọ́: Ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220, ẹ ó mọ iye ìgbà tí ọkàn yín lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Òótọ́: Èyí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù. Ọ̀dọ̀ olùwádìí Fox àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò yìí ti jáde ní 1971. Iye tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ni wọ́n kó jọ. Wọn kò dìídì ṣèwádìí nítorí rẹ̀. Ní 2001, olùwádìí Tanaka àtàwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ká yọ ìdá méje nínú mẹ́wàá ọjọ́ orí kúrò nínú 208. Fún ẹni 60 ọdún, ìṣirò àkọ́kọ́ fún un ní 160, èkejì fún un ní 166. Síbẹ̀, nínú ojúgbà méjì, ọkàn ọ̀kan lè fi ìgbà 20 ju ti èkejì lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu yín gan-an sàn ju ìṣirò méjèèjì: bí ẹ bá ń sáré tí ẹ sì lè sọ̀rọ̀ parí láìmí hẹlẹ, eré wọ́ọ́rọ́wọ́ tó ń kọ́ ara ní ìfaradà nìyẹn.

Oòrùn ọ̀sán Èkó máa ń mú kí ọkàn yára lù, nítorí náà ẹ má fi ìdánwò ìdájí wé ti ọ̀sán. Ọ̀nà kan náà, wákàtí kan náà.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí àyà ń dùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kó tó dìgbà náà, kó máa rìn, kó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.